Erékùṣù Bí Ibi Ìsádi: Àgbéyẹ̀wò Dance Upon the Air ti Nora Roberts

Ìfáàrà
Nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, a ń bá Lápàdé lépa àwọn ọ̀daràn ni. Nora Roberts, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, yí ọ̀rọ̀ náà po nínú Dance Upon the Air (2001): ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni ó ń sá, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ó ń lépa. Ìtàn ìfẹ́ ni. Ìtàn tí ń mú àyà olùkà já ni pẹ̀lú. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé kì í ṣe ìfẹ́ ni ó kọ́kọ́ gba ẹ̀dá ìtàn náà là, bí kò ṣe ìlú kékeré tí ó gbà á mọ́ra.

Ìtàn náà ní Ṣókí
Helen ni ìyàwó Evan Remington, gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ sinimá ní Hollywood. Lójú ayé, ọkọ gidi ni Evan. Nínú ilé, ńṣe ni ó ń lu ìyàwó rẹ̀ bí ẹni lu bàrà. Helen dọ́gbọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ já láti orí òkè bọ́ sínú òkun ní California, kí ọkọ rẹ̀ lè gbà pé ó ti kú. Ó yí orúkọ padà sí Nell Channing, ó gbé ọkọ̀ àlòkù kan wọnú ọkọ̀ ojú omi, ó sì gúnlẹ̀ sí Three Sisters, erékùṣù tí òǹkọ̀wé fi ojú inú dá sí etíkun Massachusetts.

Ìtúpalẹ̀
Ọgbọ́n òǹkọ̀wé hàn nínú bí ó ṣe to ìṣẹ̀lẹ̀. Mia Devlin, tí ó ni ilé ìtàwé, ni ó kọ́kọ́ fún Nell ní iṣẹ́ oúnjẹ sísè, tí ó sì fi ilé háyà fún un. Lẹ́yìn èyí ni ìfẹ́ Zack Todd, ọ̀gá ọlọ́pàá erékùṣù náà, tó fìdí múlẹ̀. Ẹni ejò ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Nítorí náà, Zack ní láti mú sùúrù.

Ibùdó ìtàn ń ṣiṣẹ́ méjì. Omi tí ó dáàbò bo Nell náà ni kò ní jẹ́ kí ó tètè rí ọ̀nà sá lọ bí Evan bá dé. Ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn lè ṣọ́ àlejò. Ó sì lè tú àṣírí rẹ̀. Ibẹ̀ ni àyà olùkà ti ń já.

Ìparí ìwé náà ni a ní àríwísí sí. Nell, Mia àti Ripley, àbúrò Zack, jẹ́ àrólé àwọn obìnrin mẹ́ta tí ìtàn inú ìwé sọ pé wọ́n sá kúrò ní Salem lọ́dún 1692, nígbà tí ẹ̀sùn àjẹ́ gbòde níbẹ̀, tí wọ́n sì yẹgi fún ènìyàn 19. Agbára tí Nell jogún ni ó fi borí Evan. Bí olùkọ́ bá pe agbára yìí ní àjẹ́ láìṣàlàyé, ìbẹ̀rù ni yóò gba ọkàn akẹ́kọ̀ọ́, wọn yóò sì gbàgbé pé àwọn tí a ṣe inúnibíni sí ni ìwé náà ń gbèjà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé obìnrin tí ọkọ ń lù nítòsí wa kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́, ilé àti aládùúgbò tí ó gbà á gbọ́ ni ó lè rí. Àwọn gan-an ni òǹkọ̀wé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní òpin.

Àgbálọgbábọ̀
A dámọ̀ràn pé kí olùkọ́ni ní kí akẹ́kọ̀ọ́ NCE to gbogbo ohun tí Nell rí gbà kí ìfẹ́ tó dé, kí wọ́n sì bi ara wọn pé ta ni yóò pèsè rẹ̀ ní àdúgbò tiwọn. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ìwé nìkan. Ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ lè wà nínú kíláàsì tí wọn yóò kọ́ lọ́la.