Odídẹrẹ́ Kì í Ṣe Ìránṣẹ́

Ìwó ni ìlú odídẹrẹ́. Ẹyẹ náà lẹ́wà, ó sì gbọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò fi í ṣe ìránṣẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí, nítorí ohun tó bá gbọ́ ni yóò wí. Èrò mi ni pé púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí à ń gbé fáìlì ńlá lé lọ́wọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ odídẹrẹ́ tí a sọ di ìránṣẹ́.

Àwọn baba wa mọ iyì ìránṣẹ́ tí kò dandan kó mọ ìtumọ̀ ohun tó gbé dání. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pa àrokò. Bí a bá fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí ènìyàn, ó túmọ̀ sí pé ọkàn wa fà sí i. Owó lásán ni ẹni tó mú un lọ lè rò pé òun mú dání.

Ohun tó wà nínú ẹrù tiwa kì í ṣe kékeré. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba ẹsẹ Ifá sílẹ̀ lẹ́nu àgbà kan ní Ìwó yóò rí i pé fídíò rẹ̀ tóbi ju mẹ́gábáìtì 25 tí Gmail lè gbé. Àgbà náà sì lè ti kìlọ̀ pé apá kan kò gbọdọ̀ dé etí ọ̀gbẹ̀rì. Bí fáìlì náà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó lè ṣí i, àdéhùn ti yẹ̀, ì báà má tíì ṣí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo WeTransfer, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amsterdam ní ọdún 2009. Ó rọrùn láti lò, ìrísí rẹ̀ sì fani mọ́ra. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn oníṣẹ́-ọnà ka àdéhùn tuntun tó gbé jáde, wọ́n sì rí i pé ó fi àyè sílẹ̀ láti fi fáìlì oníbàárà kọ́ ẹ̀rọ ní ìmọ̀. Ariwo ta. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì yọ gbólóhùn náà kúrò. N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìwé àdéhùn nìkan ló ń ṣọ́ ẹrù wa, ẹni tó kọ ọ́ lè tún un kọ.

Firefox Send, tí Mozilla gbé jáde fún gbogbo ayé ní oṣù Kẹta ọdún 2019, sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ẹ̀rọ olùránṣẹ́ ni ó ti ń ti fáìlì pa, inú líǹkì sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Mozilla fúnra rẹ̀ kò lè ṣí i. Ṣùgbọ́n ìkọ̀kọ̀ tó bo olóòótọ́ bo ọ̀daràn pẹ̀lú. Àwọn aṣebi ń fi í kó fáírọ́ọ̀sì ránṣẹ́, nítorí náà Mozilla dá a dúró ní oṣù Keje ọdún 2020, kò sì tún ṣí i mọ́.

OnionShare, tí Micah Lee gbé jáde ní ọdún 2014, kò fi ẹrù pamọ́ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni láàrin: láti kọ̀ǹpútà olùránṣẹ́ ni ó ti ń lọ sí ti olùgbà. Èyí ló sún mọ́ àrokò jù lọ lójú mi. Àbùkù rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà olùránṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní títàn títí ẹrù yóò fi dé, a sì mọ bí iná mànàmáná ti rí nílẹ̀ wa.

Abala 37 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ìwé tí à ń kọ síra wa, òfin ìdáàbòbò détà ti ọdún 2023 sì kún un lọ́wọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àṣírí bá tú ni òfin sábà máa ń dé.

Nítorí náà, kí a tó yan ìránṣẹ́, ìbéèrè méjì ni kí a bi í: ta ló ni kọ́kọ́rọ́? Ọjọ́ wo ni ẹrù yóò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀? Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ti fáìlì pa kí a tó gbé e fún un, kí a sì fi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún olùgbà. Ẹni tí àgbà fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí lọ́wọ́ ni yóò jíhìn fún un, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó bá a rù ú.