Ọgbọ́n Tó Wà Nínú Títo Ọ̀rọ̀ sí Ojú Fèrèsé Kọ̀ǹpútà

Nínú gbogbo iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, ó ṣòro láti rí èyí tí kì í gba ìyìn tó títo àwọn ọ̀rọ̀ péńpé tí ń sọ ohun tí olúkúlùkù àpótí inú fọ́ọ̀mù wà fún. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Tkinter, àkójọ irinṣẹ́ tí ó bá èdè Python wá, ń pè ní Label. Orí Tk ni a gbé Tkinter kà, iṣẹ́ ọwọ́ John Ousterhout ní Yunifásítì California ní Berkeley.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà fún títo wọn. Pack ń to nǹkan tẹ̀lé ara wọn. Place ń fi iye píksẹ̀lì, ìyẹn àwọn tóótòòtó ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, yan ibi tí nǹkan yóò wà. Grid sì ń pín fèrèsé sí ìbú àti òró. Place ni ó máa ń wu akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ó jọ pé gbogbo àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fi "Nọ́ńbà fóònù" rọ́pò "Phone" tí a ti wọn àyè fún, àpótí tí a dá lẹ́yìn rẹ̀ yóò bo ìdí ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ní ti grid, ọ̀rọ̀ tí ó gùn jù ni ó ń pinnu bí òró rẹ̀ yóò ti fẹ̀ tó, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọn ohunkóhun, ọgbọ́n tí ó yẹ kí a kan sáárá sí.

Síbẹ̀, grid nìkan kò tó. Bí a kò bá pàṣẹ mìíràn, àárín àyè rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń dúró, etí wọn a sì rí wúruwùru; sticky="e" ni ó ń tì wọ́n sí ọwọ́ ọ̀tún, tí "Orúkọ" àti "Àdírẹ́sì ilé" fi jọ ń parí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí wọn, tí padx=8 sì ń fi àlàfo díẹ̀ sí àárín. Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ náà ń fẹ́ àmójútó, nítorí Unicode, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá àwọn àmì ìkọ̀wé mọ̀, kò ní àmì ẹyọ kan ṣoṣo fún ẹ́, àwọn fọ́ńtì kan a sì gbé àmì ohùn náà sí ibi tí kò yẹ.

Lẹ́yìn èyí ni a ń fi weight=1 sí òró àwọn àpótí, tí a sì fún wọn ní sticky="ew", kí ó lè jẹ́ pé nígbà tí ẹni tí ń lo ètò náà bá fa fèrèsé gbòòrò, àwọn àpótí ni yóò máa gùn sí i, tí ìparí àwọn ọ̀rọ̀ yóò sì wà lójú ìlà kan.