Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Fọ́tò

Bí òjò bá dá láàárọ̀ tí oòrùn sì yọ lẹ́yìn rẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ wo Òkè Ọlọ́sunta ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Lásìkò ọyẹ́, eruku a bò ó, gbogbo rẹ̀ a di àwọ̀ eérú kan náà. Ní ọ̀sán gangan, oòrùn a là á mọ́lẹ̀, àpáta ńlá yẹn a wá rí pẹlẹbẹ nínú fọ́tò. Àmọ́ lẹ́yìn òjò, gbogbo ìlà dúdú tí omi ti fà sí i lára láti ìran dé ìran a yọ síta, ewéko tó hù sínú pàlàpálá rẹ̀ a tutù yọ̀yọ̀, páànù òrùlé tó wà nísàlẹ̀ a sì jẹ́ kí ojú mọ bí òkè ọ̀hún ṣe ga tó. Fọ́tò ni iṣẹ́ mi. Ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìkómọjáde, ìwúyè: àwọn ni mo fi ń jẹun, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń pè mí sí wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí ni fọ́tò tí n kò tà, èyí tí mo fọwọ́ ara mi gbé sórí Wikimedia Commons kí ẹnikẹ́ni lè mú un lò.

Ọdún 2004, nínú oṣù Kẹsàn-án, ni wọ́n dá Commons sílẹ̀. Fọ́tò, ohùn, fídíò àti àwòrán ọlọ́wọ́ tó wà níbẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 100 báyìí, àwọn èèyàn bíi tèmi ló sì kó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn wá. Ibẹ̀ ni Wikipedia ti ń mú àwòrán. Bí mo bá gbé fọ́tò Ọlọ́sunta kan síbẹ̀ lónìí, Wikipedia Yorùbá lè lò ó, ti Haúsá lè lò ó, ti Faransé àti ti Jámánì náà lè lò ó, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún bẹ̀ mí. Olùkọ́ lè tẹ̀ ẹ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Àṣẹ méjì péré ló le níbẹ̀: kí iṣẹ́ náà jẹ́ tìrẹ gan-an, tàbí kó jẹ́ èyí tí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti kúrò lórí rẹ̀, kí o sì fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé, títí kan ẹni tó fẹ́ fi ṣòwò.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn máa ń bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú. Wọ́n ní mò ń ba ọjà jẹ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé n kò ta ẹ̀tọ́ mi, n kò sì sọ ọ́ nù. Tèmi ni fọ́tò náà títí lọ. Àṣẹ ni mo fún aráyé, àṣẹ yẹn sì ní májẹ̀mú nínú. Lábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons tí mo máa ń yàn, ẹni tó bá lo fọ́tò mi gbọ́dọ̀ dárúkọ mi, ẹni tó bá sì tún un ṣe gbọ́dọ̀ fi èyí tó tún ṣe náà sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn lọ́nà kan náà. Owó kọ́ ni mo bèèrè. Orúkọ ni.

Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére ayé àtijọ́, ló kọ́ mi ní ohun tí orúkọ ń ṣe fún iṣẹ́. Ẹfọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1873, Ìsẹ̀ ló fi ṣe ilé, ààfin Arínjalẹ̀ ló ti ṣe ìránṣẹ́ ọba, ó sì gbẹ́ igi títí ọba kan fi ń yá a lọ́wọ́ ọba kejì. Láàárín nǹkan bí 1910 sí 1914 ló gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Lára ilẹ̀kùn yẹn, Ògògà jókòó ní apá kan, òyìnbó aláṣẹ ń bọ̀ ní apá kejì, àwọn èèyàn gbé e rù. Mo ti tẹjú mọ́ àwòrán ilẹ̀kùn yìí títí ojú fi ń ro mí. Àwọn agbẹ́gilére mìíràn a máa fín àwòrán sára pákó. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ tirẹ̀ jìn débi pé orí àwọn èèyàn inú rẹ̀ yọ síta kúrò lára igi, wọ́n yíjú sí ẹni tó ń wọlé. Ẹni tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́ á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí oòrùn bá ṣe ń yí, bẹ́ẹ̀ ni òjìji wọn á máa rìn lára ilẹ̀kùn. Ọkùnrin yìí ti ro ti ìmọ́lẹ̀ àgbàlá ààfin kó tó fi àáké kan igi.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, nílùú Lọ́ńdọ̀nù. British Museum rí i, ó wù wọ́n, Ògògà sì gbà kí wọ́n mú un. Wọ́n ṣe ìtẹ́ kan ní ìlú òyìnbó, wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ fún un. British Museum ni ilẹ̀kùn wà dòní. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Ó di 1944 kí Philip Allison tó kọ̀wé nípa agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀ yìí nínú ìwé ìròyìn Nigeria, tí àwọn tó wà lókèèrè fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ orúkọ ẹni tó ni ọwọ́ yẹn. Ní 1988, nígbà tí olùwádìí John Pemberton dé Ìsẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà láyé, ó sì ki oríkì ọkọ rẹ̀ fún un, ó ń ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àti àwọn ìlú tó ti ṣe wọ́n. Nígbà tí Smithsonian ní Amẹ́ríkà fi máa ṣe àfihàn iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan ní 1998, orúkọ rẹ̀ ló wà lójú ìwé. Ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó. Obìnrin kan ló gbé orúkọ yẹn pamọ́ sí ẹnu fún àádọ́ta ọdún.

Ẹni tó bá wà ní Ìkẹ́rẹ́ lónìí tó sì fẹ́ wo ilẹ̀kùn ààfin ìlú rẹ̀, fọ́tò ló máa wò. Ọ̀rọ̀ wá di ti ẹni tó ni fọ́tò. Òfin Nàìjíríà fún oníṣẹ́ ọnà ní 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, nítorí náà ẹ̀tọ́ ti kúrò lórí iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ láti òpin 2008. Ilẹ̀kùn náà ti di ti gbogbo wa lójú òfin, àmọ́ fọ́tò rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó yà á. British Museum fi tiwọn sórí ìkànnì wọn kí a lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi ṣòwò. Commons kì í gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Atẹ̀wé kan ní Adó-Èkìtì tó fẹ́ fi fọ́tò British Museum yẹn sínú ìwé ìtàn tó ń tà fún àwọn ọmọ iléèwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù. Èyí dùn mí. Mo sì gbóríyìn fún Metropolitan Museum ní New York, tó tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò àwọn nǹkan àtijọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2017, àti Art Institute ti Chicago tó ṣe bákan náà ní 2018. Chicago yìí ni òpó Ògògà wà láti 1984, èyí tí ọba jókòó nínú rẹ̀ tí olorì àgbà sì dúró gbọin lẹ́yìn ìtẹ́.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní í kọ “má fi ṣòwò” sára fọ́tò tèmi láé. Bí atẹ̀wé Adó bá fi Ọlọ́sunta mi ṣe ẹ̀yìn ìwé tó sì jèrè, ọmọ tó ra ìwé náà ti rí òkè ìlú rẹ̀. Ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà lè wọ British Museum pẹ̀lú fóònù rẹ̀, kó ya ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀ fúnra rẹ̀, kó gbé e wá sórí Commons. Fọ́tò tirẹ̀ ni, ó lè fi í tọrẹ bó ṣe wù ú.

Gbígbé fọ́tò síbẹ̀ kò le. Fóònù Android àti dátà díẹ̀ ti tó, mo sì máa ń dúró dòru kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má bàa já mi sílẹ̀ lágbedeméjì. Ohun tí a kọ sára fọ́tò ló le, ibẹ̀ sì ni mo ti ń mọ ẹni tó mọ iṣẹ́. Kámẹ́rà á pe fọ́tò ní lẹ́tà mẹ́ta àti nọ́ńbà jàn-ànràn-jan-anran. Ta ló máa wá nọ́ńbà? Orúkọ tí èmi máa fún un ni “Òkè Ọlọ́sunta lẹ́yìn òjò, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì”. Màá kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, màá tún kọ ọ́ láìsí àmì, nítorí ọ̀pọ̀ wa ni fóònù wa kò jẹ́ ká tẹ àmì nígbà tí a bá ń wá nǹkan. Láti 2019 ni Commons ti fàyè gbà á pé kí a kọ àlàyé kúkúrú sí fọ́tò kan náà ní èdè púpọ̀. Yorùbá ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ. Màá sọ apá ibi tí mo dúró sí, màá sọ oṣù àti ọdún, màá sì tò ó sábẹ́ Ìkẹ́rẹ́, kì í ṣe sábẹ́ Nàìjíríà lásán níbi tí kò ti ní í yàtọ̀ sí ẹgbàágbèje mìíràn.

Ògòtún ni mo ti gbádùn iṣẹ́ àlàyé yìí jù. Gbogbo Èkìtì ló mọ ẹní Ògòtún, tí wọ́n ń hun pẹ̀lú àwọ̀ àti àrà lóríṣiríṣi. Mo fẹ́ ya ẹní tó ti parí, tí wọ́n tẹ́ sójú oòrùn. Màmá tó ni ẹní wò mí títí, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ẹní yìí ló hun ara rẹ̀ ni?” Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Mo ya ìbẹ̀rẹ̀, mo ya ibi tí àwọ̀ kejì ti wọlé, mo ya ìka rẹ̀ nígbà tó ń di etí. Mo bi í bóyá kí n ya ojú rẹ̀. Ó ní rárá, ọwọ́ òun tó. Ọwọ́ nìkan ló wà níbẹ̀ títí dòní, pẹ̀lú àlàyé ohun tí ọwọ́ yẹn ń ṣe lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe sọ ọ́ fún mi.

Mo ní láti bi í léèrè, nítorí àṣẹ tí a bá ti fún aráyé kò ṣeé gbà padà. Bí mo bá pa fọ́tò rẹ́ lọ́la, ẹni tó ti mú un lò lánàá ṣì ní ẹ̀tọ́ láti máa lò ó. Nítorí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nǹkan ni mo ń rí tí n kò gbé jáde. Nígbà ọdún Ọlọ́sunta, n kì í gbé kámẹ́rà sókè níbi tí àwọn àgbà bá ti ní ó tó. Ọmọ kékeré, àfi bí òbí rẹ̀ bá gbà, kí ó sì yé e dáadáa ibi tí fọ́tò ń lọ. Nínú igbó ọba ní Ìsẹ̀, ìnàkí ṣì ń gbé, wọn kò sì pọ̀ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ya ìtẹ́ wọn tàbí ipa ẹsẹ̀ wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa GPS inú fóònù kí ẹ tó yà á, kí ọdẹ má bàa fi iṣẹ́ yín tọ ọ̀nà.

Ohùn ni mo ń lé báyìí. Ìkànnì kan wà tó ń jẹ́ Lingua Libre, ẹgbẹ́ Wikimedia ti Faransé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: èèyàn á jókòó, á máa pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ á sì bọ́ sórí Commons, ọ̀rọ̀ kan, fáìlì kan. Yorùbá ìwé ní olùpè tirẹ̀. Tiwa ni mo fẹ́, ti Èkìtì, níbi tí ilé ti ń jẹ́ ulé tí iṣu sì ń jẹ́ uṣu. Ẹnu àwọn àgbà ló ti ń dùn jù, nítorí àwọn ọmọ wa ti ń pè é bíi ti rédíò. Àgbà Ìkẹ́rẹ́ ti ń bá mi jókòó. Mo ṣì ń wá ti Ẹmùrẹ́ àti ti Ìsẹ̀, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó máa fún mi ní ọ̀sán kan níbi tí ẹ̀rọ ìlọta kò ti ní í pariwo. Bó bá fẹ́, màá kọ orúkọ rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀ sára gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá pè. Bí kò bá fẹ́, màá kọ orúkọ ìlú rẹ̀.