Ṣaworoidẹ Lójú Tẹlifíṣọ̀n Tuntun

Ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ gbà rò nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí. Láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ nípa eré-oníṣe lóde òní, ó ti di àṣà láti máa sọ pé ìtàn àti èdè nìkan ni ó gbé àwọn fíìmù Yorùbá àtijọ́ níyì, pé ní ti àwòrán, wọn kò tó nǹkan. Ṣaworoidẹ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn ènìyàn inú rẹ̀ fẹ̀ sódì, wọ́n ní igbó inú rẹ̀ ṣú, wọ́n ní ẹni tí ó mú kámẹ́rà ń gé orí ọba dànù. Mo bi wọ́n léèrè irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi wò ó. Kò sí ẹni tí ó rántí. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó yẹ kí á gbọ́ tẹnu àwo àti tẹnu tẹlifíṣọ̀n kí á tó dá oníṣẹ́ lẹ́bi.

Kí á kọ́kọ́ rántí ohun tí fíìmù náà dá lé. Túndé Kèlání ni ó darí rẹ̀, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó kọ ọ́, ó sì jáde ní 1999. Kọ́lá Oyèwọ̀ ni Lápìtẹ́, Adébáyọ̀ Fálétí ni Ọ̀pálábá. Ní ìlú Jogbo, ìmùlẹ̀ wà láàárín ọba àti ará ìlú. Adé àti ìlù ṣaworoidẹ ni ẹ̀rí rẹ̀. Lápìtẹ́ gorí oyè láìfẹ́ ṣe ètùtù tí yóò dè é mọ́ ìlú, owó àwọn agégẹdú sì wọ̀ ọ́ lójú. Lágàta, ọmọ ogun, gba oyè mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gbé adé lé orí ara rẹ̀ láìmọ àṣírí ìlù. Wọ́n lu ìlù, ó kú. Ẹ wò ó dáadáa: ohun méjì péré ni gbogbo ẹrù ìtàn yìí sinmi lé, adé tí ojú ń rí àti ìlù tí etí ń gbọ́. Ohunkóhun tí ó bá ba adé jẹ́ lójú wa, tàbí tí ó ya ohùn ìlù kúrò lọ́wọ́ onílù, ó ti ba fíìmù náà jẹ́, bí oníṣẹ́ tilẹ̀ ṣe tirẹ̀ láìkù síbì kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn sí mi kedere ni ilé ẹ̀gbọ́n mi kan ní Lẹ́kkí Phase 1, ní òpópónà kan tí ó yà láti ara Admiralty Way. Tẹlifíṣọ̀n ńlá kì í ṣe ohun ìyanu ní àdúgbò yẹn. Èyí tí ó wà lára ògiri wọn tó ínǹṣì 65. Ẹ̀rọ tí ń ka àwo ni ó ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹ̀rọ DVD àtijọ́ wá láti ilé bàbá wọn ní Ṣúrùlérè, pẹ̀lú VCD Ṣaworoidẹ, apá kìíní àti apá kejì, irú èyí tí a máa ń rà ní Ìdúmọ̀tà nígbà náà. Wáyà olórí mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà ní: yẹ́lò, pupa àti funfun. Tẹlifíṣọ̀n kò ní ihò tí a lè kì wọ́n bọ̀. HDMI nìkan ni ó mọ̀. Ó di dandan kí á ra àpótí kékeré kan tí ń sọ wáyà yẹ́lò di HDMI. Àwòrán jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n Lápìtẹ́ tí ó yọ sí wa fẹ̀ bí àgbá, àwọn ìjòyè tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ sì di ọlọ́rà. Àbúrò wa kan bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bí àwọn ènìyàn ṣe rí nìyí ní 1999?"

Ìṣirò ni yóò dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí á fi àwòrán wé ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Ìlẹ̀kẹ̀ 352 ni VCD tiwa máa ń sín ní ìbú, 288 ní òòró. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 101,376. Tẹlifíṣọ̀n HD tí ó pé ní 1,920 ní ìbú, 1,080 ní òòró, èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì. Nínú ogún ìlẹ̀kẹ̀ tí tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ fi hàn, ẹyọ kan ni àwo fún un. Mọ́kàndínlógún yòókù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò rò wọ́n. Ti 4K, bíi ti ẹ̀gbọ́n mi, tún jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ìyẹn. Àwo kan kò sì gbà ju bíi ìṣẹ́jú 74 lọ, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gé fíìmù sí méjì, tí wọ́n sì ń fún àwòrán pọ̀ gidigidi. Ibi tí ewé bá ti ń mì, tàbí tí òjìji bá wà, ni àwòrán ti máa ń já sí onígun-mẹ́rin wẹ́wẹ́. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gbàǹgbà tí ojú rẹ̀ kò sì ju ínǹṣì 21 lọ, máa ń bo àbùkù yìí mọ́lẹ̀. Tuntun ń tú u síta. N kò gbà pé òǹyàwòrán ni ó mú igbó Jogbo ṣú.

Fífẹ̀ yẹn ni ó dùn mí jù. Ojú tẹlifíṣọ̀n tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin bí òòró rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ya Ṣaworoidẹ fún. Tuntun jẹ́ 16 sí 9. Bí a bá na ti àkọ́kọ́ títí yóò fi kún èkejì, gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ yóò fi ìdá kan nínú mẹ́ta fẹ̀ sí i, wọn kò sì ní ga sí i. Oníjó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ á di ẹni tí ń wọ́ ara nílẹ̀. Àwọn tí ó mọ̀ pé èyí kò dára á fi rìmóòtù yan "zoom". Zoom kì í ba ìrísí ara jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gé ìdá kan nínú mẹ́rin àwòrán dànù, ìdajì rẹ̀ lókè, ìdajì nísàlẹ̀. Kí ni ó wà lókè? Adé. Kí ni ó wà nísàlẹ̀? Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Nínú fíìmù tí ó jẹ́ pé lórí adé ni ìjà wà, tẹlifíṣọ̀n ti ṣí adé lórí ọba kí Lágàta tó dé! Rìmóòtù ni kí ẹ bá wí, kì í ṣe ẹni tí ó mú kámẹ́rà. Àpótí kékeré yẹn tún dá kún un: ó ti na àwòrán kí ó tó fi í ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n kì í sì í gbà kí á dá a padà sí mẹ́rin sí mẹ́ta bí ó bá ti gba ọ̀nà HDMI wọlé.

Ẹ jẹ́ kí á wá sí ohùn, tí àwọn tí ń sọ̀rọ̀ àwòrán kì í sábà kà sí. Tẹlifíṣọ̀n tuntun máa ń tún àwòrán ṣe, tí yóò fi ìlẹ̀kẹ̀ kún un, kí ó tó gbé e jáde, iṣẹ́ yìí sì ń gba àkókò. Bíńtín ni, ṣùgbọ́n ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ohùn bá gba inú tẹlifíṣọ̀n kọjá, ó lè dá a dúró kí àwọn méjèèjì jọ jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí ìlù dún dáadáa, wọ́n ki wáyà pupa àti funfun bọ sípíkà ńlá, wọ́n fi yẹ́lò nìkan sílẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n. Ni ohùn bá ń ṣíwájú. Nínú eré tí àwọn ènìyàn kàn jókòó tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, a lè fara dà á. Nínú èyí, kọ̀ǹgọ́ kò tíì kan awọ tí ìlù ti fọhùn. Onílù dàbí ẹni tí ń ṣe àfarawé. Ìṣọ̀lá àti Kèlání hun gbogbo ìtàn náà kí á lè gbàgbọ́ pé ọwọ́ Àyàn ni agbára wà. Wáyà méjì gba agbára náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ìdènà mìíràn wà tí n kò ní dúró lé. DVD tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà jẹ́ ti agbègbè 1, tiwa jẹ́ agbègbè 5, ẹ̀rọ tí ó bá ń pa òfin mọ́ kò ní ka èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Blu-ray kò fẹ́ mọ VCD rí. Àwọn àwo tí wọ́n há fíìmù mẹ́wàá sí, kí á má tilẹ̀ dárúkọ wọn. Èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù ni pé àwọn kan ti ṣe ẹ̀dà fíìmù wọ̀nyí pẹ̀lú nínà àti gígé rẹ̀, irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ sì ni akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé ka iwájú kí ó fi kọ ìwé àṣekágbá.

Mo rọ àwọn olùkọ́ wa kí wọ́n wá ẹ̀rọ DVD tí ó ní ihò HDMI tirẹ̀, tí ó sì lè fi àwòrán hàn ní mẹ́rin sí mẹ́ta, kí wọ́n fi dúdú tí yóò wà lọ́tùn-ún àti lósì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ohùn sì gba inú tẹlifíṣọ̀n. Bí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan bá ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, kí wọ́n má tà á. Kí ẹni tí ó bá sì ń dá fíìmù lẹ́jọ́ máa sọ ohun tí ó fi wò ó.

Lẹ́yìn náà ni kí á wá sọ àbùkù. Èmi náà ní méjì. Nínú àwọn ìran ààfin, àwọn ìjòyè ń jókòó tẹ̀lé ara wọn bí ẹni tí ó wà lórí ìtàgé, kámẹ́rà kì í sì í sábà wọ àárín wọn. Àwọn ibì kan sì wà tí ọ̀rọ̀ ẹnu tún ń ṣàlàyé ohun tí ojú wa ti rí tán. Àwọn wọ̀nyí kò kan tẹlifíṣọ̀n. Wọn kò kúrò níbẹ̀ nígbà tí a tún gbogbo wáyà ṣe.