Òwe Ìríjú Aláìṣòótọ́ àti Àwọn Tí Ó Ń Túmọ̀ Rẹ̀

Ẹni tí ó bá ń ka Bíbélì ní èdè Faransé yóò pàdé ọ̀rọ̀ méjì tí ó yàtọ̀ síra: proverbe fún ọ̀rọ̀ ọgbọ́n Sólómọ́nì, parabole fún ìtàn tí Jésù ń sọ. Bíbélì Yorùbá kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Òwe ni ó pe ti Sólómọ́nì, òwe náà ni ó sì pe ti Jésù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ Faransé méjèèjì ní ilé-ìwé lè rò pé èdè wa ni kò ní ọ̀rọ̀ tó. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Mashal ti èdè Hébérù kò ya òwe kúkúrú kúrò lára ìtàn gígùn. Ó tilẹ̀ gba àlọ́ àpamọ̀ mọ́ra. Nígbà tí àwọn Júù túmọ̀ Ìwé Mímọ́ wọn sí èdè Gíríìkì, parabolē ni wọ́n sábà máa ń fi dípò rẹ̀. Ní orí 4 Ìhìnrere Lúùkù, ọ̀rọ̀ kúkúrú kan wà nípa oníṣègùn tí a ní kí ó kọ́kọ́ wo ara rẹ̀ sàn. Kò sí ìtàn kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ parabolē ni a pè é. Àwọn tí ó fi òwe túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún wa sún mọ́ orísun ju àwọn Faransé lọ.

Bí ó bá jẹ́ òwe ni lóòótọ́, ó yẹ kí a kà á bí òwe. Láàrin wa, àgbà tí ó pa òwe kì í jókòó túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tí a pa á fún ni yóò ronú, tí yóò sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bá òun wí. Ẹni tí a bá tú òwe fún mọ̀ pé ipò ọmọdé ni a fi òun sí. Àlọ́ ni a máa ń fi ẹ̀kọ́ kádìí, nítorí pé ọmọdé ni a sábà ń pa á fún. Ṣùgbọ́n nínú ìwàásù àti nínú kíláàsì, bí àlọ́ ni a ṣe ń lo òwe Jésù: ìtàn kò tíì tán tí a ti ń béèrè ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ wa. Ìtàn La Fontaine tí àwọn ọmọ ń kọ́ sórí tún mú kí àṣà yìí le sí i, nítorí pé moralité rẹ̀ sábà máa ń hàn gbangba ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ní ìparí.

Ẹ jẹ́ kí a wo òwe ìríjú aláìṣòótọ́ ní orí 16 Ìhìnrere Lúùkù. Àwọn kan fẹ̀sùn kan ìríjú ọlọ́rọ̀ kan pé ó ń fi ohun ìní ọ̀gá rẹ̀ ṣòfò. Ọ̀gá pè é pé kí ó wá ṣírò iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìríjú kò jiyàn, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: òun kò ní agbára láti walẹ̀, ojú sì ń ti òun láti ṣagbe. Ó wá pe àwọn ajigbèsè ọ̀gá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó jẹ 100 òṣùwọ̀n òróró, ó ní kí ó yára jókòó kí ó kọ 50. Ẹni tí ó jẹ 100 òṣùwọ̀n àlìkámà, kí ó kọ 80. Ìrètí rẹ̀ ni pé wọn yóò gbà á sílé nígbà tí a bá lé e. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, ó gba ìyìn.

Ẹni tí ó sọ ìtàn yìí mọ ìtàn í sọ. Kò sọ ẹni tí ó fẹ̀sùn kan ìríjú, kò sì sọ bóyá òótọ́ ni ẹ̀sùn náà. Òróró tí a ń wí ju 2,000 lítà lọ, nítorí náà kì í ṣe gbèsè tálákà tí ó yá ìgò òróró kan. Ó ní kí onítọ̀hún «yára», nítorí pé kálámù gbọ́dọ̀ ṣáájú ìròyìn. Èyí tí ó dùn mọ́ wa jù ni ọ̀rọ̀ tí ìríjú bá ara rẹ̀ sọ. Lúùkù fẹ́ràn èyí: ọmọ onínàákúnàá ṣe é ní orí 15, ọlọ́rọ̀ tí ó fẹ́ kọ́ àká ńlá ṣe é ní orí 12, adájọ́ tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run ṣe é ní orí 18. Ohun tí ará ilé ìríjú kò gbọ́, àwa gbọ́ ọ. Kí a tó mọ̀, a ti ń bá a gbèrò, a sì ń fẹ́ kí ó rí i ṣe.

Lẹ́yìn ìyìn ni ìtumọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́wọ̀ọ̀wọ́. A kọ́kọ́ sọ fún wa pé àwọn ẹni ayé gbọ́n nínú ọ̀ràn ara wọn ju àwọn ẹni ìmọ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí, a ní kí a fi owó wá ọ̀rẹ́. Ẹ̀kẹta yin ẹni tí ó ṣe olóòótọ́ nínú ohun kékeré, bẹ́ẹ̀ ni àìṣòótọ́ ni ìríjú fi gba ìyìn! Ẹ̀kẹrin ní a kò lè sin olúwa méjì. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí wà ní orí 6 Ìhìnrere Mátíù pẹ̀lú, láàrin ìwàásù orí òkè, kò sì sí ìríjú kankan nítòsí rẹ̀ níbẹ̀. C. H. Dodd, nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn òwe ìjọba Ọlọ́run tí ó jáde ní 1935, rí àwọn ẹsẹ wọ̀nyí bí àkọsílẹ̀ fún ìwàásù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ìtàn kan náà. A gbà pẹ̀lú rẹ̀. A sì yin Lúùkù pé kò yan ọ̀kan kí ó sì da ìyókù nù. Ó jẹ́ kí a rí i pé òwe náà ti dààmú àwọn àgbà ṣáájú wa.

Ẹni tí ó yin ìríjú pàápàá kò dájú. Kyrios ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó wà níbẹ̀. Bí olúwa tiwa, ó lè jẹ́ ọ̀gá tí a jà lólè, ó sì lè jẹ́ Jésù tí ń sọ ìtàn. Ibí ni ìtàn parí sí lójú tiwa, ní àárín ẹsẹ 8. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé kan fi òpin rẹ̀ sí ẹsẹ 7.

Ìfẹ́ láti tú òwe kò tán lọ́dọ̀ àwọn tí ó tẹ̀lé Lúùkù. Augustin, bíṣọ́ọ̀bù Hippone, tí a bí sí ilẹ̀ tí a ń pè ní Algérie lónìí, túmọ̀ òwe ará Samáríà ní wúnrẹ̀n-wúnrẹ̀n: Jẹ́ríkò di òṣùpá, ilé èrò di Ìjọ, onílé èrò di Pọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, ó sì dùn í kà, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ti pòórá. Ní òpin ọ̀rúndún 19, Adolf Jülicher ará Jámánì kọ irú ìtumọ̀ yìí, ó ní kókó kan ṣoṣo ni òwe kọ̀ọ̀kan ní. Ó gbá ilé mọ́ fún wa, ṣùgbọ́n kókó kan náà ṣì jẹ́ ẹ̀kọ́ tí a fà yọ. Ní ti ìríjú, Derrett gbà á sílẹ̀ ní 1961: ó ní èlé tí Òfin Mósè kà léèwọ̀ ni ìríjú yọ kúrò nínú ìwé gbèsè. Ọgbọ́n náà pọ̀, àmọ́ kò sí èlé nínú ìtàn, ìtàn fúnra rẹ̀ sì pe ọkùnrin náà ní aláìṣòótọ́. Kí ló dé tí a fi ń wá bí yóò ṣe di ènìyàn rere?

Ìwé àtijọ́ kan ràn wá lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Ní 1945 ni a rí àwọn ìwé kan nítòsí Nag Hammadi ní Íjíbítì, Ìhìnrere Tọ́másì ní èdè Kọ́ptíìkì sì wà lára wọn. Òwe afúnrúgbìn wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí Máàkù fi tẹ̀lé e ní orí 4 kò sí níbẹ̀. Àwọn kan ní Tọ́másì ni ó gé e kúrò, kí òwe lè jẹ́ àṣírí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó fi hàn pé àwọn Kristẹni ìgbà àtijọ́ kan ka òwe náà láìsí ìtumọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì rò pé ó tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a ń fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ṣe kò le. Ẹ ka orí 16 láti ẹsẹ 1 dé ibi tí ìríjú ti gba ìyìn, kí ẹ sì pa ìwé dé. Ẹ má béèrè ẹ̀kọ́. Ẹ béèrè ẹni tí ẹ jẹ́ nínú ìtàn náà. Ọlọ́rọ̀ tí a jà lólè tí ó tún lè rí ọgbọ́n nínú rẹ̀? Ìríjú tí ọjọ́ ti kúrú fún? Tàbí ajigbèsè tí kálámù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó mọ̀ pé 50 tí òun kọ kì í ṣe òótọ́, tí inú rẹ̀ sì ń dùn? Àwọn ajigbèsè ni oníwàásù kì í sábà dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ wọn ni ìríjú fi ẹ̀mí rẹ̀ sí. Wọ́n ti jèrè, wọn kò sì ṣe ìlérí kankan fún un. Lúùkù kò sọ fún wa bóyá wọ́n ṣílẹ̀kùn nígbà tí ó dé.