Ìlà Kẹta, Àyè Kẹwàá

Ìkìrun ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Òkukù ni ti Odò-Ọ̀tìn, níbi tí Ìníṣà náà wà. Bí wọ́n ṣe wà nínú fáìlì nìyí:

"Ìkìrun", "Ìfẹ́lódùn"
"Ìníṣà", "Odò-Ọ̀tìn"
"Òkukù", "Odò-Ọ̀tìn

Àmì àyọlò tó yẹ kó parí ìlà kẹta ti sọnù. Ẹ wá wo bí ètò kọ̀ǹpútà tó mọṣẹ́ ṣe ń kà á.

Kì í gbé ọ̀rọ̀ mì lódindi. Bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ ló ṣe ń lọ, ẹyọ kan lẹ́yìn èkejì. Ó pàdé àmì àyọlò. Kò tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́, ó kàn ṣàkọsílẹ̀ ibi tó ti rí i: ìlà kìíní, àyè kìíní. Láti ìsinsìnyí, inú orúkọ ló wà. Bí kọ́mà bá yọjú níbẹ̀, ara orúkọ ni yóò kà á sí. Ó gba Ì, ó gba k, títí dé n. Àmì àyọlò kejì dé: ó di orúkọ náà, ó kọ irú rẹ̀ àti àyè rẹ̀ mọ́ ọn lára, ó fi í ránṣẹ́. Ẹyọ kan nìyẹn. Kọ́mà di ẹyọ kejì. Ó fo àlàfo. Ìfẹ́lódùn di ẹ̀kẹta, òpin ìlà di ẹ̀kẹrin.

Ìfẹ́lódùn yẹn gba sùúrù. Báìtì ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ní ìlànà UTF-8 tí Ken Thompson àti Rob Pike gbé kalẹ̀ ní 1992. Lẹ́tà f gba báìtì kan, Ì gba méjì, ẹ́ gba márùn-ún: mẹ́ta fún ẹ, méjì fún àmì ohùn orí rẹ̀, torí pé kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó kó méjèèjì pọ̀. Báìtì àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta yẹn ló ń sọ iye tó ń tẹ̀ lé e, kí ètò má baà gé lẹ́tà sí méjì. Bó bá gba ẹ tán, ó tún ń wo iwájú: ṣé àmì ohùn ń bọ̀? Bó bá ń bọ̀, àyè kan náà ni wọ́n jọ máa wà.

Ìlà kejì kọjá láìsí wàhálà. Ní ìlà kẹta, Òkukù jáde, kọ́mà jáde, àmì àyọlò ṣí. Ètò wọ inú Odò-Ọ̀tìn, àfi bí òpin ìlà ṣe yọjú.

Ètò tí kò mọṣẹ́ á ní òpin ìlà ni àṣìṣe wà. Èyí padà sí àkọsílẹ̀ ibi tí àmì ti ṣí. Bó bá ka báìtì, èkejìlá ni yóò pè é, ọfà tó fi ń tọ́ka á sì bọ́ sábẹ́ d inú Odò. Ohun tí ojú rí ló kà, ó sì kọ ọ́ pé: «Ìlà 3, àyè 10: àmì àyọlò tó ṣí níbí kò ní ìparí.»

Kò dúró síbẹ̀. Ó fi Odò-Ọ̀tìn ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì pé ó lábùkù, ó fi òpin ìlà tẹ̀ lé e, ó jáde kúrò nínú orúkọ. Bí ìlà kẹrin bá wà, mímọ́ ni yóò bá a. Àbùkù kan kò ní bí ẹ̀sùn mẹ́wàá.

Ẹni tó ni fáìlì fi àmì náà sí i, ó ní kí ètò tún un kà. Ẹyọ méjìlá jáde, kò sí ẹ̀sùn kankan.