Ẹni Tó Gba Gègé Lọ́wọ́ Òkú

Mo kan sáárá sí òǹkọ̀wé tó lè gba ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ níbi tí olóògbé fi í sí, kó sì máa sọ ọ́ lọ. Ọdún 2004 ni Stieg Larsson, ará Sweden, kú, kí ìwé kìíní nínú ọ̀wọ́ Millennium rẹ̀ tó jáde. Mẹ́ta ló kọ tán. Lọ́dún 2015 David Lagercrantz gbé ìkẹrin jáde. Òun náà kọ mẹ́ta, Karin Smirnoff sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ ńlá ni. Lisbeth Salander, akọni inú ìwé Millennium, ọmọbìnrin tó mọ kọ̀ǹpútà bí ẹní mowó, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí òǹkọ̀wé tuntun bá jẹ́ kó rojọ́ kún ojú ewé kan, òǹkàwé á ti fura pé àlejò ló di gègé mú. Òǹkọ̀wé náà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń bí Lisbeth nínú, ẹni tó fọkàn tán, ibi tí ọgbẹ́ àtijọ́ wà. Síbẹ̀ ọ̀ràn tuntun ló gbọ́dọ̀ hun, kó fi àmì ọ̀daràn síbi tí a ó ti rí i tí a kò ní kà á sí. Eva Gabrielsson, tó bá Larsson gbé títí ó fi kú, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bá ìtàn náà lọ. Mi ò dá a lẹ́bi.

Àwa náà ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀: ní Ìmàṣàyí níbí, Ayétòrò, ìlú Kọ́lá Akínlàdé tó kọ ìwé Owó Ẹ̀jẹ̀, kò jìnnà sí wa. Ta ni yóò tún rán Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀, níṣẹ́? Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó kọ́kọ́ jókòó ti àwọn ìwé Akínlàdé, kó mọ bí Akin ṣe ń bi ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀.